Paul Bogle, Díákónì Abúlé Stony Gut

Ní apá ìwọ̀-oòrùn Òkun Àtìláńtíìkì, láàrin Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ni erékùṣù kan wà tí à ń pè ní Jàmáíkà. Òkè ńláńlá wà níbẹ̀, odò tí ń ṣàn kò wọ́n, ilẹ̀ ibẹ̀ sì lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ tí ìrèké, kọfí, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ fojú kan erékùṣù náà lè rò pé ebi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá ilẹ̀ nìkan ni ó ń fún ènìyàn ní oúnjẹ. Ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe òfin, àti ẹni tí ó ń dá ẹjọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ní ọwọ́ nínú ohun tí ń wọ inú ìkòkò mẹ̀kúnnù. Ìtàn Paul Bogle fi èyí hàn kedere. Àgbẹ̀ ni, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni pẹ̀lú. Kò jẹ oyè rí, kò sì ṣe olórí ogun rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kẹwàá ọdún 1865, ariwo ikú rẹ̀ àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ìlú London, ó sì yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣàkóso erékùṣù náà padà.

Ní nǹkan bí ọdún 1820 ni wọ́n bí Bogle. Ní àkókò náà, ilẹ̀ ẹrú ni Jàmáíkà. Láti ọdún 1655 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba erékùṣù náà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, wọ́n sì kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Ṣúgà tí à ń fi ìrèké ṣe ni ó sọ àwọn olóko di ọlọ́rọ̀. Òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ẹrú ni ó sì mú ṣúgà náà jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834, òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún so àwọn tí a dá sílẹ̀ mọ́ oko àwọn olówó wọn fún ọdún mẹ́rin sí i, bí ẹni pé wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1838 ni òmìnira tòótọ́ dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san 20,000,000 pọ́n-ùn fún àwọn tí wọ́n ní ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, láti fi tù wọ́n nínú nítorí ohun tí wọ́n pàdánù. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀, a kò sì pín ilẹ̀ fún wọn.

Síbẹ̀ àwọn tí a dá sílẹ̀ kò ká ọwọ́ gbera. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ abúlé dó sórí òkè, wọ́n ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń ru irè oko wọn lọ sí ọjà ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀kan nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni Stony Gut, tí ó wà ní àgbègbè St Thomas-in-the-East ní ìlà-oòrùn erékùṣù náà, tí kò sì jìnnà púpọ̀ sí Morant Bay, ìlú kékeré kan létí òkun. Ibẹ̀ ni Bogle fìdí kalẹ̀ sí. Ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó lè kàwé, ó sì lè kọ̀wé. Nítorí ohun ìní rẹ̀, ó wà lára ìwọ̀nba ènìyàn dúdú díẹ̀ tí òfin gbà láàyè láti dìbò ní àgbègbè náà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Jàmáíkà ní ọdún 1861, iye wọn lé ní 440,000. Àwọn òyìnbó inú wọn kò sì tó 14,000. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní gbogbo erékùṣù náà kò tó 2,000, nítorí pé ẹni tí ó bá ní dúkìá tàbí tí ó ń san owó orí tí ó pọ̀ nìkan ni òfin kà sí ẹni tí ó lè yan aṣòfin. Báyìí ni àwọn olóko ṣe mú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dání bí ẹni mú okùn ẹran.

Bí Bogle bá fẹ́ gbé ayé tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ọ̀nà wà fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé, ó ní oko, àwọn ènìyàn sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyà tí ń jẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè sinmi.

Àwọn àgbà a máa sọ pé òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjálù rí nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí tí a ó fi rí i pé ẹni tí ó ní òrùlé lórí àti ẹni tí kò ní, wọn kì í tètè gbẹ bákan náà. Ní ọdún 1846, ìjọba ní London yí òfin owó ibodè padà, èrè tí ń ti ara ṣúgà Jàmáíkà wá sì wálẹ̀. Àwọn olóko kan fi oko sílẹ̀ di igbó, àwọn yòókù sì gé owó iṣẹ́ kù. Láti ọdún 1850 sí 1851, àrùn onígbáméjì wọ erékùṣù náà, ó sì pa ènìyàn lọ bí ewé. Àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n iye àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí èyí kọjá tí ìgbóná fi dé. Ní ọdún 1861, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, owó oúnjẹ tí ń ti òkèèrè wá àti owó aṣọ sì gbówó lórí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dá. Fún ọdún mélòó kan, òjò kò rọ̀ bí ó ti yẹ, iṣu kò ta, ẹ̀gẹ́ sì rọ nínú ebè. Nígbà tí òjò sì wá rọ̀ ní ọdún 1864, ó rọ̀ ní àrọ̀kúrò, àgbàrá sì gbá ohun tí ọ̀dá ṣẹ́kù lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dá àti àrùn nìkan ni, bóyá àwọn ará Stony Gut ìbá gbé e mọ́ra, nítorí kò sí ẹni tí ó lè pe ojú ọ̀run lẹ́jọ́. Ohun tí ó dùn wọ́n jù lọ ni ìwà àwọn tí wọ́n gbé òfin lé lọ́wọ́. Àwọn olóko náà ni adájọ́ nínú ilé ẹjọ́ kékeré. Bí lébìrà bá fẹ́ sọ pé ọ̀gá òun kò san owó òun, ọ̀gá náà tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò bá lórí àga ìdájọ́. Àgbà òṣìkà ni à ń pe ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá; kí ni kí á wá pe ẹni tí ó jẹ́ olùfisùn tí ó tún jẹ́ onídàájọ́? Owó tí a ó san láti pe ẹjọ́ pọ̀ ju ohun tí tálákà lè rí, owó ilé ẹjọ́ tí a ń bù lé ẹni tí ó bá jẹ̀bi sì máa ń pọ̀ ju owó ìtanràn gan-an lọ. Bí ẹran kan bá ṣìnà wọ inú oko tí olówó ti pa tì, ọlọ́pàá yóò wá mú ẹni tí ó ni ín. Lójú àwọn tálákà, ọlọ́pàá kì í ṣe olùṣọ́ ìlú. Ọwọ́ olóko ni ó jẹ́, tí ó kàn gùn ju ọwọ́ ti ara rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí kò fara mọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. George William Gordon ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó olóko kan láti Skọ́tíláǹdì ni bàbá rẹ̀, ẹrúbìnrin sì ni ìyá rẹ̀. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ó di oníṣòwò pàtàkì, wọ́n sì fi í jẹ adájọ́. Ní ọdún 1862, ó fi ẹjọ́ sun ìjọba pé wọ́n gbé tálákà kan tí ó ń ṣàìsàn sí àtìmọ́lé ní Morant Bay dípò kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ọkùnrin náà sì kú. Ẹni tí ń ṣe gómìnà nígbà náà ni Edward John Eyre. Ó ti gba orúkọ ní Ọsirélíà nítorí pé ó la aṣálẹ̀ gúúsù ilẹ̀ náà já ní ọdún 1840 sí 1841, ó sì ti ṣe alágbàwí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ nígbà kan rí. Ènìyàn ìbá retí pé yóò gbọ́ igbe tálákà. Ṣùgbọ́n dípò kí ó tún ọ̀ràn àtìmọ́lé náà ṣe, Gordon ni ó yọ kúrò nípò adájọ́.

Ní ọdún 1863, àwọn olùdìbò St Thomas-in-the-East yan Gordon sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Bogle sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ kára láti gbé e wọlé. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà dá sílẹ̀. Bogle kọ́ ilé ìsìn sí Stony Gut, ní oṣù Kejìlá ọdún 1864 ni Gordon sì fi í jẹ díákónì. Ilé ìsìn náà kì í ṣe ibi àdúrà nìkan. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń pàdé láti sọ̀rọ̀ nípa owó iṣẹ́, nípa ilẹ̀, àti nípa ẹjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ní Morant Bay.

Ní oṣù kìíní ọdún 1865, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ní London, Edward Underhill, kọ ìwé sí mínísítà tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣàlàyé bí ebi àti àìríṣẹ́ ṣe ń pa àwọn ará Jàmáíkà. Wọ́n ka ìwé náà káàkiri erékùṣù náà, ìpàdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé níbi púpọ̀. Àwọn tálákà kan ní àgbègbè St Ann kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀ ìjọba tí ó wà lásán, kí wọ́n lè máa dá oko níbẹ̀. Èsì tí ó wá láti London ni pé kí wọ́n tẹra mọ́ṣẹ́ fún àwọn olóko, kí wọ́n sì fọgbọ́n ná owó wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìlọsíwájú wọn wà. Eyre tẹ ẹ̀dà 50,000 nínú èsì yìí, ó sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì kà á ní ilé ìsìn káàkiri. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ tí kò rí, tí a wá sọ fún pé ọ̀lẹ ni í ṣe, ọgbẹ́ rẹ̀ di méjì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1865, Bogle kó àwọn àgbẹ̀ kan jọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Stony Gut lọ sí Spanish Town, tí í ṣe olú ìlú Jàmáíkà nígbà náà. Ọ̀nà náà lé ní 40 máìlì, òkè àti odò sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí gómìnà lójúkojú, kí wọ́n lè ro ẹjọ́ wọn fún un. Eyre kọ̀ láti rí wọn. Wọ́n yí padà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kan náà rin ọ̀nà náà délé. Ẹni bá mọ ìrìn ẹsẹ̀ mọ̀ pé àlọ ẹni tí ó ní ìrètí kò gùn tó àbọ̀ ẹni tí a lé. Láti ọjọ́ náà ni Bogle ti mọ̀ pé ìbò kò gba òun, ìwé ẹ̀bẹ̀ kò gba òun, gómìnà kò sì fẹ́ gbọ́ tòun.

Ọjọ́ kejè oṣù kẹwàá ọdún 1865 jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ilé ẹjọ́ ní Morant Bay. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ìbátan Bogle kan, Lewis Miller, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn nípa ilẹ̀ oko kan. Bogle àti ọ̀pọ̀ ará Stony Gut wá láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Kí wọ́n tó kan ẹjọ́ Miller, wọ́n dá ọ̀ràn ọmọkùnrin kan tí ó bá obìnrin kan jà. Ìtanràn tí wọ́n ní kí ó san jẹ́ ṣílè mẹ́rin, ṣùgbọ́n owó ilé ẹjọ́ tí wọ́n bù lé e jẹ́ ṣílè méjìlá àti sísì. Ọkùnrin kan láàrin èrò, James Geoghegan, kígbe sí ọmọ náà pé kí ó san ìtanràn, kí ó má san owó ilé ẹjọ́. Àwọn adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Bí ọlọ́pàá ti nawọ́ gán an ni àwọn èrò já a gbà, wọ́n sì lu àwọn ọlọ́pàá náà. Nítorí ìjà yìí ni àwọn adájọ́ fi kọ ìwé àṣẹ pé kí wọ́n lọ mú Bogle àti àwọn mìíràn. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà jẹ́ 28.

Ní ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá mélòó kan gun òkè lọ sí Stony Gut láti mú Bogle. Nínú oko rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ kàn án ni àwọn ènìyàn jáde láti inú ilé ìsìn àti láti inú oko ìrèké, wọ́n yí àwọn ọlọ́pàá náà ká, wọ́n sì borí wọn. Wọ́n dì wọ́n mú fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì mú kí wọ́n búra pé àwọn yóò fi òyìnbó sílẹ̀, àwọn yóò sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwọn, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ní ọjọ́ yìí kan náà, Bogle àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí gómìnà. Wọ́n ní ìyà ń jẹ àwọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tọrọ ààbò lọ́dọ̀ ìjọba Ọbabìnrin, wọ́n sì fi kún un pé bí ààbò kò bá sí, yóò di dandan fún àwọn láti gbèjà ara wọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn nìyí. Àwọn ọmọ ogun ni Eyre fi ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Morant Bay, Bogle sì wà níwájú wọn. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń fọn ìwo tí a fi ìkarahun òkun ṣe, wọ́n mú igi àti àdá lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ya àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì kó ohun ìjà tí wọ́n bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé iwájú ilé ẹjọ́, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè náà ti ń ṣe ìpàdé. Baron von Ketelhodt, ọmọ Jámánì tí í ṣe olórí àwọn adájọ́ ibẹ̀, jáde, ó sì ka òfin tí ó ní kí èrò túká. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta, àwọn obìnrin wọn kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ológun olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ń ṣọ́ ilé náà yìnbọn, ènìyàn méje sì ṣubú kú.

Ìbọn yẹn ni ó tú àgbá náà dà nù. Àwọn èrò rọ́ lu àwọn ológun, àwọn yẹn sì sá wọ inú ilé ẹjọ́. Wọ́n dáná sun ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná sì ràn mọ́ ilé ẹjọ́. Bí àwọn tí ó wà nínú ilé ti ń jáde nítorí iná ni wọ́n ń pa wọ́n. Ketelhodt kú, àlùfáà kan kú, àwọn olóko àti àwọn ológun kú pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n pa ní apá ìjọba jẹ́ 18. Wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, ènìyàn 25 ni ó ti kú lápapọ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn Bogle kò gbọdọ̀ bo apá yìí mọ́lẹ̀. Ìyà pọ̀ lójú àwọn tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ènìyàn tí a pa nígbà tí ó ń sá fún iná, ènìyàn ni. Bogle padà sí Stony Gut ní òru ọjọ́ náà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ilé ìsìn wọn. Wọn kò mọ̀ pé ẹkún ni ń bọ̀ lẹ́yìn ọpẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, Eyre kéde òfin ogun lórí ìlà-oòrùn erékùṣù náà, ó sì yọ ìlú Kingston sílẹ̀. Fún oṣù kan ni àwọn ọmọ ogun fi ń lọ láti abúlé dé abúlé. Kò sí ẹgbẹ́ ogun kankan tí ó dúró dè wọ́n. Àgbẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n bá nínú ilé. Síbẹ̀ wọ́n yìnbọn pa àwọn kan láìbéèrè ohunkóhun, wọ́n sì yẹgi fún àwọn mìíràn lẹ́yìn ẹjọ́ ológun tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí a ka òkú, àwọn tí wọ́n pa jẹ́ 439. Àwọn tí wọ́n nà ní pàṣán tó 600, obìnrin sì wà nínú wọn. Ní ìlú Bath, wọ́n fi wáyà lọ́ mọ́ okùn pàṣán náà. Àwọn ilé tí wọ́n dáná sun tó 1,000. Bí a bá gbé 18 sí ọwọ́ kan àti 439 sí ọwọ́ kejì, a ó mọ iye tí ìjọba ìgbà náà ka ẹ̀mí tálákà sí.

Gordon kò sí ní Morant Bay ní ọjọ́ tí ìjà ṣẹlẹ̀. Kingston ni ó wà, níbi tí òfin ogun kò dé. Ṣùgbọ́n Eyre gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó dá iná náà. Wọ́n mú un ní Kingston, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Morant Bay kí òfin ogun lè bá a, àwọn ológun dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá. Bí wọ́n ti gbé ènìyàn kúrò níbi tí òfin wà lọ sí ibi tí òfin kò sí, èyí ni ó ya àwọn amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu jù lọ.

Àwọn tí ó mú Bogle kì í ṣe òyìnbó. Ní orí òkè Jàmáíkà ni àwọn kan wà tí à ń pè ní Maroon, àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n ti sá kúrò lóko láyé àtijọ́, tí wọ́n sì bá Gẹ̀ẹ́sì jà títí wọ́n fi gba òmìnira. Nínú àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1739 àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbà láti máa ran ìjọba lọ́wọ́ bí ọ̀tẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Àdéhùn yìí ni ìjọba rántí wọn sí. Wọ́n tọpasẹ̀ Bogle nínú igbó tí ó mọ̀ bí ẹní mowó, wọ́n mú un, wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1865, wọ́n yẹgi fún un níbi ilé ẹjọ́ tí iná ti jó, níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń wá ìdájọ́ òdodo tí wọn kò rí. Wọ́n yẹgi fún Moses, arákùnrin rẹ̀, pẹ̀lú. Wọ́n dáná sun Stony Gut àti ilé ìsìn tí ó kọ́.

Bí ìròyìn náà ti dé London, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìgbìmọ̀ olùwádìí dé Jàmáíkà ní oṣù kìíní ọdún 1866, wọ́n sì gbọ́ ẹnu ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Wọ́n yin Eyre pé ó yára pa iná náà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ènìyàn pọ̀ jù, àti pé ilé sísun àti pàṣán jẹ́ ìwà ìkà. Wọ́n yọ Eyre kúrò lóyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì: John Stuart Mill àti Charles Darwin wà lára àwọn tí ó fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ fún ìpànìyàn, Thomas Carlyle àti Charles Dickens wà lára àwọn tí ó gbèjà rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n òfin kò dè é. Ó gbé ayé títí di ọdún 1901.

Ní Jàmáíkà fúnra rẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn olóko tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ara rẹ̀ ká. Láti ọdún 1866, gómìnà àti àwọn tí ìjọba London yàn ni wọ́n ń ṣàkóso. Gómìnà tuntun, John Peter Grant, dá ilé ẹjọ́ tuntun sílẹ̀, níbi tí adájọ́ tí ń gba owó oṣù ti jókòó dípò olóko. Ohun tí àwọn ará Stony Gut ti ń tọrọ nìyí láti ìgbà pípẹ́. Òkú ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n fi rà á. Ní ọdún 1867, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tuntun kan sílẹ̀ fún gbogbo erékùṣù náà, tí ó ní ohun ìjà bí ọmọ ogun. Ọlọ́pàá pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìbò kò tíì kan tálákà. Ó di ọdún 1944 kí gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó lè dìbò ní Jàmáíkà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe Bogle ní ọlọ̀tẹ̀ lásán. Lẹ́yìn tí Jàmáíkà gba òmìnira ní ọdún 1962, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tún ìtàn rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1965, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kú, wọ́n gbé ère kan tí Edna Manley gbẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ Morant Bay ní ìrántí rẹ̀. Ní ọdún 1969, ìjọba kéde òun àti Gordon ní akọni orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sí ara owó.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí-ayé Paul Bogle kò fara sin. Kì í ṣe ọ̀dá ni ó jó ilé ẹjọ́ Morant Bay, kì í sì í ṣe àrùn. Ọkùnrin náà dìbò, ó kọ̀wé, ó rin ọ̀nà jíjìn, ó lọ sí kóòtù, ó tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó gbé igi. Ìlú tí ó bá ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń kànkùn jẹ́jẹ́, ariwo ni yóò jí i ní ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ iye ènìyàn tí ariwo náà yóò gbé lọ, nínú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ àti nínú àwọn aláìṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a bá fi ṣe adájọ́, ẹni tí a bá fi ṣe ọlọ́pàá, àti ẹni tí a bá fi joyè, kí ó rántí pé kò sí odi tí ó ń ṣọ́ ìlú tó òdodo.